Àwọn Àpẹẹrẹ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Kó! Kó! Bàbá ń fi ṣọ́ọ̀kì lu ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí a fi ṣe pátákó ìkọ̀wé. "Tí o bá ṣe é fún ara rẹ, 'myself' ni. Tí ẹlòmíràn bá ṣe é fún ọ, 'me' ni. Kí ló le níbẹ̀, ọmọ yìí?"

Ó le o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni Màmá mi fi bẹ Bàbá kí wọ́n máa kọ́ mi nírọ̀lẹ́. Ará Iléṣà ni Bàbá, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé yàrá kan lódìkejì ilé wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi. Yàrá náà kì í yé rùn kẹrosíìnì àti ìrẹsì tó jóná. Mo máa ń dọ́gbọ́n fọwọ́ bo imú. Ọmọdé ò mọ nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, mo da àwọn àpẹẹrẹ Bàbá kọ sínú ìwé mi, mo sì gbé e délé. Màmá ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, wọ́n ní kí n kà á, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ fáwọn.

"Mo dáná fún ara mi. Mo bu omi fún ara mi. Ibà mú mi, mo tọ́jú ara mi. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀wà. "Ta ló kọ gbogbo ìyẹn?"

"Bàbá ni."

"Èyí tí ẹlòmíràn ṣe fún wọn ńkọ́?"

Mo wá a títí. Ẹyọ kan péré ni mo rí: Ọ̀gá mi àtijọ́ fún mi ní aago.

"Sùbúhánálláhì!" ni Màmá wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kí wọn, tí wọ́n ń ní dáadáa ni! Ojú tì mí."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé kúlà ẹ̀wà àti dòdò lé mi lọ́wọ́. Aládùúgbò kan ti gbé oúnjẹ lọ rí, Bàbá sì dá a padà pé àwọn kì í ṣe alágbe. Bí inú bá bí wọn, ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn.

"Kí ni kí n sọ?"

"Sọ pé àpẹẹrẹ ni."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, Màmá mi ní 'me' kò pọ̀ nínú ìwé mi. Wọ́n ní kí ẹ fi èyí ṣe àpẹẹrẹ."

Bàbá wo kúlà, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wá wò mí. Mo ti ń wo ọ̀nà tí màá gbà sá. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. "Ẹ̀yin ará Òṣogbo yìí! Ẹ gbọ́n jù." Wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó mú ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ pé: Ìyá rẹ dáná fún mi.

Láti ọjọ́ náà, kúlà ò yé rìn. Mo yege Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ti dolóògbé báyìí, Ìbòkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Màmá nìkan ló sì kù nílé. Bí mo bá pè wọ́n, n kì í bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun, torí wọ́n á ní àwọn ti jẹun. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé ta ló sè é.

Lánàá, wọ́n dáhùn pé: "Èmi náà ni."

Inú ọkọ̀ tó ń lọ Òṣogbo ni mo ti ń kọ èyí. Kúlà wà lórí itan mi, ó ṣì gbóná.