Epo Tó Ń Kán Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Ẹsẹ̀ bàbá àgbà nìkan ni mo ń rí. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, ó nà gbọọrọ sórí àpò, ó ń mí gìgì bí ẹni tó ń kọ ebè. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn mi, ìyá mi kígbe. Kì í ṣe igbe ńlá. Ó dà bí igbe ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́, mo gbọ́ ohùn bàbá àgbà láti ìsàlẹ̀.

“Ó ń jò,” ló wí. “Ọkọ̀ yìí ń jò.”

Bàbá mi ti tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀, ó ti gbé ìrọ̀rí lé e. Ó dúró pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Láti àná ni ìyá mi ti ń rọbí. Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Kétu ti wò ó ní àárọ̀ yẹn, ó sì ti jáde síta pẹ̀lú ojú tó le. Ó ní ọmọ náà dábùú nínú, agbára òun kò ká a, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Pobè, kí wọ́n má sì dúró. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù yòókù ti gba ọ̀nà ọjà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti bàbá àgbà nìkan ló kù.

Bàbá tó bí ìyá mi ni mò ń sọ. Nígbà ayé àwọn òyìnbó, ó wa ọkọ̀ fún ajẹ́lẹ̀ kan, láti Kétu dé Pobè, láti Pobè dé Àjàṣẹ́. Nígbà tí òmìnira dé tí ajẹ́lẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ tó ti gbó náà di ti bàbá àgbà. Kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Lójú rẹ̀, gbogbo awakọ̀ yòókù ní ilẹ̀ Kétu, darandaran ni wọ́n. Ìyá àgbà máa ń pe ọkọ̀ náà ní “orogún mi tó ń mu ẹsáǹsì”, ìyẹn bẹntiróò, ó ní ó ń wẹ̀ ju òun lọ.

Ní ìlú wa, kànga jìn, a sì máa ń gbe omi òjò sínú ìkòkò, à ń ṣọ́ ọ bí oògùn. Bóyá ìdí nìyẹn tí bàbá àgbà fi kórìíra kí nǹkan máa kán sílẹ̀. Ní alaalẹ́, ó máa ń tẹ́ aṣọ àpò fúláwà sábẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kó tó gbàdúrà, á pè mí. “Ìyá mi” ló ń pè mí, nítorí ẹ̀yìn ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mi. “Ìyá mi, wá bá mi wo aṣọ.” Omi kì í ní àwọ̀. Òróró ẹ̀rọ dúdú. Ẹsáǹsì a máa gbẹ, òórùn rẹ̀ á sì kù. Mo mọ̀ wọ́n kí n tó mọ ìwé.

Ní àárọ̀ yẹn, àbàwọ́n tó wà lórí aṣọ náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìdọ̀tí ẹ̀rọ sì ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Ó jáde láti abẹ́ ọkọ̀, iyanrìn kún irun funfun rẹ̀, ó na aṣọ náà sókè.

“Kì í ṣe omi,” ó ní. “Ó ki.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá,” bàbá mi wí, “ẹ jẹ́ ká máa lọ. Bó bá ń jò, a ó máa bu òróró sí i lójú ọ̀nà.”

“Bí òróró bá tán nínú ẹ̀rọ yìí láàárín igbó, yóò gan pa. Ta ni yóò wá gbé ọmọ mi níbẹ̀? Ìwọ? Lórí èjìká?”

Àna kì í bá àna rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ ọmọ ènìyàn kò lè gbé ohùn sókè sí i, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó. Ìbínú bàbá mi kò rí ọ̀nà mìíràn gbà, ó gba ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn níwájú táyà ọkọ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ẹrẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀.

“Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ìyàwó mi ń kú lọ.”

Bàbá àgbà wò ó, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì ṣí ìdérí ẹ̀rọ, èyí tí òun ń pè ní kapó.

“Dìde,” ó ní. “Ọwọ́ rẹ ni mo nílò.”

Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń gbọ́ ìyá mi nínú yàrá, mo sì ń wo bàbá arúgbó yìí tó ń ti akísà bọ inú kẹrosíìnì bí ẹni pé ọjọ́ Sátidé lásán ni. Ó nu gbogbo ẹ̀rọ náà, ìsàlẹ̀ àti òkè, kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. “Nu ún ná,” ló máa ń sọ nígbàkígbà. “Ohun tó bá dọ̀tí, irọ́ ló ń pa fún ọ.” Òórùn kẹrosíìnì gba àgbàlá kan. Bàbá mi ń di fìtílà mú fún un kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ kọ̀rọ̀.

“Ẹ gbé láfún wá,” ni bàbá àgbà wí.

Obìnrin aládùúgbò kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́. “Láfún kẹ̀? Ṣé ó fẹ́ rokà fún ọkọ̀ ni?”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà jáde láti inú yàrá pẹ̀lú igbá láfún, òógùn ojú rẹ̀ ń ṣàn. Bàbá àgbà bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ náà, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, títí tí gbogbo irin tó wà níbẹ̀ fi funfun bí obìnrin tó lọ èlùbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó wọnú ọkọ̀, ó tan án, ó sì padà wá tẹ orí síbẹ̀.

“Ẹ má wo ilẹ̀,” ó ní. “Ilẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ohun tó bá ń kán, òkè ló ti ń bọ̀.”

Ẹ̀rọ náà ń dún. Ìyá mi ké. Láfún gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lórí irin. Nígbà tó yá, ìlà kan yọ nínú funfun náà, ìlà tóóró tó pupa, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bàbá àgbà fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sókè. Ó dé ibi tí kapó ti pàdé dígí iwájú, ìka rẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ sì dàrú. Kò sí òróró ọkọ̀ kankan tó ń gbé ibẹ̀. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Ó fi kan ahọ́n.

“Epo pupa,” ó ní.

Igbá láfún bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ó kúnlẹ̀.

“Èmi ni. Bàbá ọmọ mi, èmi ni. Mo dà á sórí ọkọ̀ fún Ògún kí ẹ tó jí. Mo fi ìró mi nu òkè rẹ̀ kí ẹ má baà rí i. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.”

Kò sí ọkọ̀ kan ní Kétu nígbà náà tí kò mu epo Ògún rí, àfi ti bàbá àgbà. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fádà ló wọ́n omi sí ọkọ̀ náà, bàbá àgbà sì ti sọ fún gbogbo ilé pé ìyẹn ti tó.

“O wá ń wò mí tí mò ń wá a kiri?”

“Mo rò pé ọkọ̀ ń jò lóòótọ́ ni. N kò mọ̀ pé epo mi ni, àfi ìgbà tí ẹ tọ́ ọ wò.”

Mo ń retí ìjì. Bàbá mi kò retí nǹkan kan. “Kò jò!” ló pariwo. “Kò jò! Ẹ jẹ́ ká gbé e!” Ó ti ń sáré lọ sí yàrá. Bàbá àgbà pa ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ sí kapó láti dé e.

Ọwọ́ rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó tún tẹ orí wọlé, lápá kejì, ibi tí epo kò dé. Láfún ti lẹ̀ níbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀pá wẹ́wẹ́ kan. Kò pupa, kò dúdú. Ó kàn tutù, ó kéré bí omijé ọmọdé.

“Padà wá!” ó kígbe sí bàbá mi. “Jókòó síbí. Tẹ fìrẹ́ẹ̀nì.”

Fìrẹ́ẹ̀nì ni ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, inú ọ̀pá wẹ́wẹ́ náà sì ni òróró rẹ̀ ń gbà. Bàbá mi jókòó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Omi kékeré náà wú, ó sì kán.

“Má fi í sílẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ló ń ṣe?”

Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. “Ó ń rì,” ó ní. “Ó ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.”

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Pobè nígbà náà yóò mọ ohun tó gba ọkàn àwọn méjèèjì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà níbi tí ilẹ̀ pupa wa ti tán tí ilẹ̀ amọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀, afárá pákó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láìní ọwọ́ ìdìmú. Bàbá mi kò tún ní ká máa lọ mọ́.

Bàbá àgbà tú ìdè tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà. Òrùka bàbà kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tó yẹ kó máa dí i, ó ti le, kò dí i mọ́. Kò ní òmíràn. Ó mú ẹ̀mú, ó lọ sídìí ààrò tí omi gbígbóná ìyá mi wà, ó ti òrùka náà bọ inú ẹ̀yinná. Bàbà tó bá pọ́n nínú iná, tí a bá rì í bọ omi, a máa rọ̀, á tún gbà láti dí ihò. Ó lóṣòó ti iná náà. Ìgbà yẹn ni ìyá mi dákẹ́.

Igbe rẹ̀ ti ń bà mí lẹ́rù láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yẹn burú jù ú lọ. Mo gbọ́ agbẹ̀bí tó ń sọ pé, “Má sùn. Ọmọ mi, má sùn.” Bàbá àgbà gbọ́ ọ pẹ̀lú. Mo rí i tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ le. Kò dìde, kò yọ òrùka náà kó tó pọ́n. Ó ń fẹ́ iná náà lẹ́nu, omi sì ń jáde lójú rẹ̀, kì í ṣe èéfín ló fà á.

Ó pọ́n. Ó rì í bọ omi, ó dún ṣàì. Ó dá a padà, ó dè é, ó da òróró fìrẹ́ẹ̀nì sí i láti inú ìgò kan tó fi pamọ́. Ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ láti lé afẹ́fẹ́ tó ti wọnú ọ̀pá jáde. “Tẹ̀ ẹ́,” á wí láti ìsàlẹ̀. “Mo tẹ̀ ẹ́,” bàbá mi á dáhùn. “Fi í sílẹ̀.” Àna méjì tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn lóhùn, títí bàbá mi fi ní, “Ó le. Bàbá, ó le bí òkúta.”

Wọ́n gbé ìyá mi jáde nínú ẹní. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń rọ̀. Ìyá àgbà wọlé tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Bàbá mi rí epo pupa tó kù lẹ́bàá dígí, ó mú akísà láti nù ún.

“Fi í sílẹ̀,” ni bàbá àgbà wí.

Ó sì wakọ̀ lọ pẹ̀lú epo Ògún lójú ọkọ̀, òun tí kì í jẹ́ kí eruku sùn lára rẹ̀.

Ìyá mi padà wálé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Àwọn dókítà ní ọmọ náà ti kú kí wọ́n tó dé, ká sì ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ìyá náà ì bá bá a lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà tí ọmọ náà kú. Àwọn ará ilé ń wá, wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé, “Omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ ọ́, bàbá àgbà á dìde, á lọ sẹ́yìn ilé.

Bàbá mi wá kí i. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọkọ̀, nínú iyanrìn kan náà. Bàbá àgbà ní, “Dìde,” ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn iyanrìn kúrò láyà rẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo lè béèrè ohun tó wù mí, mo bi í léèrè: ká ní ẹ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ń nu dígí ọkọ̀, kò dúró.

“Ìyá mi,” ó ní, “mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lójú àlá, kò níye. Nígbà mìíràn fìrẹ́ẹ̀nì á mú. Nígbà mìíràn kì í mú.”

Ó ti kú tipẹ́. Èmi náà ti ń wakọ̀ báyìí, mo sì máa ń tẹ́ aṣọ sábẹ́ ọkọ̀ mi lálẹ́, àwọn ọmọ mi a sì máa fi mí ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni mo ń gbé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti darúgbó, ìdúró kò rọrùn fún un mọ́. Á jókòó sí iwájú, á gbé àpò rẹ̀ lé itan, á máa dúró dè mí títí n ó fi bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, tí n ó ṣí kapó, tí n ó sì fi ìka kan àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ náà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì á ti máa dún. Àwọn ọmọ á máa kùn lẹ́yìn. Ìyá mi kò sọ fún mi rí pé kí n yára.