Ọ̀fun Oníke Tó Ń Jò

Ìyá Ọlọ́fun ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í sì í bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Ilé iṣẹ́ oògùn ni, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ínhélà, oògùn tí àwọn oníkọ́ fée ń fín sẹ́nu, wò kó tó jáde. Ọ̀fun oníke kan wà lórí tábìlì rẹ̀, tí wọ́n ṣe bí ọ̀fun ènìyàn gẹ́lẹ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ so mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ bí ẹni ń mí. Á fín oògùn sí i lẹ́nu, ẹ̀rọ á fà á. Lẹ́yìn náà, á ṣan ọ̀fun náà láti mọ iye oògùn tó lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀fun ti ṣòfò nìyẹn. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń rán an lọ.

Ó ti lo ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òun sì ni olórí yàrá àyẹ̀wò. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń tú ọ̀fun náà láti fọ̀ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan òrùka rọ́bà tó dí ojú ibi tí ọ̀fun àti ẹ̀rọ ti pàdé. Ó ti sán. Ojú ibẹ̀ tín-ín-rín bí irun, ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ó là bí ẹnu ẹja.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, èyí tó ń gba ọ̀fun kọjá kò ní lágbára tó. Oògùn á kàn rọra yọ́ kọjá ni, kò ní kọlu ọ̀fun bó ṣe máa kọlu ti ènìyàn. Gbogbo èsì dáadáa tó ti kọ sílẹ̀ lè jẹ́ irọ́.

Ó pààrọ̀ rọ́bà. Ó mú ínhélà kan nínú àwọn tó ti fọwọ́ sí lọ́jọ́ Ajé, ó fín in. Iye tó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ó tún un ṣe. Bákan náà ni. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, kò yí padà.

Ọ̀wọ́ ínhélà mẹ́rin ló ti fọwọ́ sí láti ìgbà tó ti yẹ rọ́bà náà wò kẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá kó wọn lọ ní agogo méjìlá.

Ó jókòó. Òun nìkan ló mọ̀. Rọ́bà náà kéré, ó lè wọ àpò ẹ̀wù kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ká má purọ́, ó rò ó. Ọmọ méjì wà nílé ẹ̀kọ́, ọkọ rẹ̀ ò sì tíì ríṣẹ́ láti oṣù márùn-ún. Ṣùgbọ́n oníkọ́ fée ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Ó mọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń di etí tábìlì mú bí èémí bá há a láyà.

Ó dìde, ó mú rọ́bà tó sán náà dání, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá ilé iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn lọ. Ọ̀fun ń jò, sà."

Ọ̀gá wo rọ́bà náà, ó wo ojú rẹ̀. "Ta ló yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni."

"Ṣé o mọ ohun tó o ń sọ yìí?"

"Ẹ bá mi wí tó bá yá, sà. Agogo méjìlá ti ń lù lọ!"

Ọ̀gá pe ilé ìkẹ́rùsí. Wọn ò gbé e. Ó tún pè, wọn ò gbé e. Obìnrin náà ò dúró mọ́. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn. Ọkọ̀ ti kọjú sí géètì. Ó lọ dúró gbagidi níwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì.

Awakọ̀ yọrí síta. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Pa ọkọ̀ yìí!"

"Ta ni yín ná?"

"Ìyá Ọlọ́fun ni mí!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa awakọ̀, ṣùgbọ́n ó pa ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi tún ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò, ọ̀gá dúró tì í gbágbáágbá. Méjì yege. Wọ́n da méjì tó kù nù. Wọ́n fún un ní ìwé ìbáwí, wọ́n sì gba ipò olórí yàrá àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Kò jiyàn.

Lọ́jọ́ tó gba ìwé náà, ó fi han ọkọ rẹ̀. Ọkọ kà á tán, ó ká a padà.

"Ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

"Rárá."

"Jókòó, oúnjẹ ti ń tutù."

Ó jókòó, ó sì jẹun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í lónìí, kò lè sọ ohun tó jẹ.