Fọ́tò Tó Gbẹ̀mí Ọ̀kẹ́rẹ́

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kú. Kò ṣàìsàn, kò sì darúgbó. Ó jábọ́ lórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́sàn-án gangan, níbi tí kò ga ju òrùlé ilé alájà méjì lọ, òun tó ti gun èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òjò àti nínú ìjì, tó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Iṣẹ́ kọ́ ló gùn ún lọ ṣe lọ́jọ́ náà. Fọ́tò ló gùn ún lọ yà. Ẹgbẹ́ tó ní òun fẹ́ gbé obìnrin ga ló ní kó gòkè, nígbà tó sì jábọ́, gbogbo wọn gbójú sókè bí ẹni pé àwọn ò rí i nílẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ti sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ẹgbẹ́ ńlá ni ẹgbẹ́ wa. Ó kó àwọn obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù jọ láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan. Mo ní “ẹgbẹ́ wa” nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ ni mí, káàdì mi sì wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kó jókòó sídìí tábìlì kó máa kí àlejò káàbọ̀, ẹgbẹ́ yìí ló jà fún un, òun ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ gígun òpó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí wọ egungun. Bí ọ̀tá bá ṣe ibi sí ni, a ti ń retí rẹ̀; ti ọ̀rẹ́ ni kò ṣeé gbà.

Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ ní Ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gun òpó, ọ̀kan nínú wọn dúró nísàlẹ̀, ó pariwo pé, “Ẹ wá wò ó o, ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò!” Ọmọbìnrin náà dá a lóhùn láti òkè lọ́hùn-ún pé, “Ojú ọdẹ ti dá nìyẹn. Ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.” Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti di oríkì.

Ó ní àṣà kan. Bó bá ti tún òpó kan ṣe tán, kò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi tó bá pe ìyá rẹ̀ láti òkè níbẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ohùn ń lọ geere. Aránṣọ ni ìyá náà. Yóò fi fóònù há àárín etí àti èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi dáadáa?”

“Mo ń gbọ́ ẹ. Sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun.”

Gbogbo àdúgbò tó ń fi òpó náà pe ará ilé wọn lókè òkun, wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ẹni kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọkùnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Olókùn, nítorí pé òun ló máa ń dúró nísàlẹ̀ di okùn ààbò mú. Àwọn tó ń gun òpó ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré. O lè fọwọ́ ara rẹ di ìgbànú ààbò mọ́ àyà àti itan, ṣùgbọ́n ìdè kan wà lẹ́yìn tí ojú rẹ kò lè rí. Ẹni kejì rẹ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó fà á, kó mì ọ́ tìtì, kó tó sọ pé “Máa lọ.” Bí kò bá tíì sọ ọ́, o kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Olókùn máa ń mì ín débi pé Ọ̀kẹ́rẹ́ á ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí eyín mi yọ ni?” Ọkùnrin yẹn á ní kí eyín kúkú yọ, eyín ń hù padà. Irọ́ ni, eyín àgbà kì í hù, ṣùgbọ́n irọ́ ìfẹ́ ni.

Ọjọ́ fọ́tò wá dé. Àpérò ọdọọdún ń bọ̀, Akéde ẹgbẹ́ wa sì fẹ́ àwòrán tuntun fún pátákó ìpolówó. Wọ́n pé sídìí òpó tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wọ ìgbànú rẹ̀, Olókùn yẹ̀ ẹ́ wò, ó fà á, ó mì í. Àfi bí Akéde ṣe ní ìgbànú náà ti dọ̀tí jù, kò ní hàn dáadáa. Ó yọ òmíràn nínú ọ̀rá, tuntun fínnífínní, àwọ̀ àlùkò, tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́ ti àtijọ́, ó wọ tuntun. Olókùn tún sún mọ́ ọn. Ayàwòrán tó wà níbẹ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi, ó sì ní kí n kọ ọ́.

Akéde ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn. Fọ́tò àwa obìnrin la fẹ́ yà.”

“Mi ò tíì wo ẹ̀yìn rẹ̀.”

“Ẹ ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo rí yín.”

“Èyí tó bọ́ sílẹ̀ yẹn ni mo wò.”

“Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ẹ̀ ní jẹ́ ká rímú mí! Gbogbo ìgbà lẹ fẹ́ wà nínú fọ́tò. Ẹ fún wa láyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ lọ sinmi, mi ò ní pẹ́.” Wọ́n ní kí Olókùn jáde sí ẹ̀yìn géètì kí òjìji rẹ̀ má baà bọ́ sínú àwòrán. Okùn ààbò ńkọ́? Wọ́n ní yóò gé fọ́tò sí méjì, wọ́n ká a kúrò. Ọ̀kẹ́rẹ́ gòkè. Wọ́n ní kó gùn sí i, kí ó lè jẹ́ òfuurufú nìkan ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gùn sí i. Ó fara ti ìgbànú sẹ́yìn, ó na apá méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín. Ìdè ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kò fà wọ inú irin rẹ̀ dáadáa gbà á dúró díẹ̀, ó sì tú.

Fọ́tò náà dára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó dára débi pé wọ́n lò ó.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lò ó! Ó wà lójú títì báyìí, ó ga ju ilé lọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ na apá nínú ìgbànú tó pa á, wọ́n sì kọ “Kò Sí Ibi Tí Obìnrin Kò Lè Dé” sábẹ́ rẹ̀. Pátákó náà kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ padà, ògiri ló ń wò ránṣọ. Ta ló fọwọ́ sí èyí? Ṣé kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yẹn tí abiyamọ bí?

Ní àpérò, wọ́n ní ká dìde dúró ká dákẹ́ fún un. A dákẹ́. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àmì ẹ̀yẹ kan, a pàtẹ́wọ́, a lọ jẹun. Nígbà tí àwọn èèyàn béèrè ẹni tó jẹ̀bi, ilé-iṣẹ́ ní iṣẹ́ àwọn kọ́ ló ń ṣe lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lọ bi ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ní òṣìṣẹ́ àwọn kọ́ ni, kí wọ́n lọ bi ilé-iṣẹ́. Wọ́n ń gbá òkú ọmọ ọlọ́mọ síra wọn bí bọ́ọ̀lù. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu wọn ti kò ni ọ̀rọ̀ Olókùn: wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ìgbànú wò, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lé e kúrò nídìí òpó, ẹ tún wá lé e nítorí pé kò sí nídìí òpó. Irú ọgbọ́n wo nìyẹn?

Mo dìde ní ìpàdé wa, mo béèrè. Ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rọra. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, àwọn ọkùnrin á máa yọ̀ wá. Wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ.”

Kí wọ́n máa yọ̀! Wọ́n ti kúkú ń yọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, pé obìnrin kò yẹ lókè. Ẹ̀yin onísọkúsọ, ẹ gbọ́ mi yé: kì í ṣe jíjẹ́ obìnrin ló já Ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù nínú yín, ẹ gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lé ẹni kejì rẹ̀ sẹ́yìn géètì, òun náà yóò jábọ́. Ọmọbìnrin mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, yóò sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò ní gòkè fún ẹgbẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi obìnrin hàn ju bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí lọ.

Mo lọ kí ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́. Àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì tí wọ́n gbé fún un ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, láàárín àwọn gígé aṣọ. Ó ní, “Ta ló sọ fún wọn pé mo fẹ́ gíláàsì? Ẹni tó ní kí Olókùn kúrò níbẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Kó wá jókòó síbí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní nà án.”

Ẹ gbọ́ bí, Ààrẹ? Akéde, ṣé o gbọ́? Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ gbé àwòrán yẹn kúrò lójú títì. Ẹ dá Olókùn padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ní gbangba gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe bà á jẹ́ ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò jẹun lọ́wọ́ yín, tí kò sì bẹ̀rù yín, wádìí ọ̀ràn náà, kí ẹni tó jẹ̀bi sì dúró síwájú adájọ́. Èmi àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí inú ń bí bíi tèmi kò ní jókòó sí ìpàdé kankan mọ́ tí a kò ní béèrè rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sílé ìyá rẹ̀ ná. Ẹ má mú ayàwòrán dání.