Ìjù Tí N Kò Ní

Ẹni tó bá sọ lójú mi pé ọ̀lẹ ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ kó lè fọn, á gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́. Ọ̀lẹ kẹ̀! Kí onítọ̀hún wá bá mi gbé àpò oúnjẹ tèmi yìí fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ bí ẹní ń mu àgbo kíkorò, kó jẹ ṣíbí márùn-ún kó gbé abọ́ tì, kó sì máa gbé oògùn fítámì mì láràárọ̀ títí Ọlọ́run á fi pè é. Lẹ́yìn náà kó wá bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Sango ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó àwọn tó ń di ẹrù, orí ìdúró la sì ń wà láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, orúnkún mi ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìtọ̀ ṣúgà ti wọ̀ mí lára, ẹ̀jẹ̀ ríru sì tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ìyẹn o. “Ọ̀rọ̀bọ̀ ti dé!” ni wọ́n fi ń kí mi láti ẹnu géètì. Bí mo bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìjòkó tí mò ń gbé, onímaruwá á ní kí ẹni kan sọ̀ kalẹ̀ kí mádáàmù lè ríbi gbé ìdí lé, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má sì rò pé n kò gbìyànjú. Mo fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, mo mu omi ewúro, mo fẹsẹ̀ rìn títí bàtà fi jẹ mí lẹ́sẹ̀. Bí mo bá fọn díẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà mo ti tún sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà fún mi l'Ékòó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ní ihò kéékèèké márùn-ún lòun máa lu sí mi níkùn. Àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí tí a bá gbé e mì, òun máa gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù, òun á sì fi irin tín-tìn-tín kan èyí tó kù pọ̀, á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Èyí tí wọ́n bá ti gé ò ní hù mọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi, omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́, àti mílíìkì tó ṣàn ni mo lè mu. Ó wá na ìka sí mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ohun líle kankan. Ojú ibi tí a kàn pọ̀ yẹn ò tíì jinná. Bó bá fi lè ṣí, oúnjẹ á máa jò sínú ikùn yín, ìyẹn sì máa ń pa èèyàn.” Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ń bí mi nínú títí dòní. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ìjù, kókó tó máa ń hù nínú ilé ọmọ, ni wọ́n fẹ́ yọ fún mi.

Ìjù ò ní ìtìjú. Obìnrin tí ìjù bá ń dà láàmú, wọ́n á bá a kẹ́dùn, wọ́n á ṣe àdúà fún un ní àsàlátù. Ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ gé àpò oúnjẹ rẹ̀ nítorí pé ó sanra ńkọ́? Wọ́n á ní ó fẹ́ dà bí ọmọge. Wọ́n á ní ṣebí kó kàn pa ẹnu mọ́ ni. Ẹnu kan náà tó ń pè mí ní ọ̀rọ̀bọ̀ ló máa sọ bẹ́ẹ̀, bí mo bá sì wá fọn tán, wọ́n á ní àìsàn tí a kì í dárúkọ ló ń ṣe mí. Ẹnu ayé lẹbọ. Mo mú kí bàbá àwọn ọmọ mi búra pé òun ò ní sọ fún ẹnì kankan. Ó ní, “Ìyá rẹ ńkọ́?” Mo ní, “Ìyá mi gan-an ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu wọn, gbogbo Alápòtí á ti gbọ́ kí oòrùn tó wọ̀.”

Ọjọ́ kẹta tí mo kúrò ní ọsibítù, ìyá mi dé láti Alápòtí. Gààrí, ẹja gbígbẹ, ata, èlùbọ́ àti ọ̀já funfun méjì ló kó wá. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Obìnrin tí abẹ bá ti kàn níkùn, ọlọ́mọ tuntun ni lójú àwọn ìyá wa, ì báà jẹ́ ọmọ ni wọ́n gbé jáde, ì báà jẹ́ ìjù. Ibi tí nǹkan ti kúrò ti ṣófo, àfi kí wọ́n fi oúnjẹ gbígbóná dí i, kí wọ́n sì fi ọ̀já dì í.

Ó ká aṣọ mi sókè, ó wo ojú egbò. Ó ní, “Ìjù wo ni wọ́n ti abẹ́ ọmú yọ?”

Mo ní, “Màámi, ẹ̀rọ ìgbàlódé ni wọ́n fi ṣe é.”

Ó ní, “Hùn. Òyìnbó mà kú iṣẹ́ o.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wo ife omi ẹran mi bí ẹni pé ife náà bú u. Ta ló ń fi omi lásán tọ́jú ẹni tí wọ́n là níkùn? Ṣé ẹyẹ ni mí ni? N kò sì dá a lẹ́bi. Ìyá mi ti sin ọmọ méjì kí ó tó bí mi, oúnjẹ ni àwọn méjèèjì sì kọ́kọ́ kọ̀. Lójú tirẹ̀, ọmọ tó bá ti ń kọ oúnjẹ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án iṣẹ́ abẹ náà, bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fíríìjì ṣe. Ìyá mi gbé èbà àti ẹ̀fọ́ rírò wọlé, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè. Ó ní, “Yanu.”

“Màámi, dókítà ní...”

“Dókítà ló bí ẹ ni? Bí o bá kọ èyí, màá di ẹrù mi, màá lọ jókòó sí Alápòtí, màá máa retí ìròyìn.”

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. “Màámi, kì í ṣe ìjù.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ọmọ ọdún márùn-ún á sọ ọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo gbé èbà mì tẹ̀ lé e. Òkèlè mẹ́ta. Ìyá mi ní “Alihamudulilahi,” ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kò pẹ́ rárá. Èbà náà há mi láyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì, èébì náà ò dáwọ́ dúró, kódà nígbà tí kò sí ohun tí mo fẹ́ bì mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ara mi ti gbóná, àyà mi ń lù kìkì, ìrora ti gun èjìká mi òsì. Ìyá mi ní atẹ́gùn ló kó sí ibi tó ṣófo yẹn. Ó mú ọ̀já, ó dì mí níkùn pinpin. Bí bàbá àwọn ọmọ mi ṣe wọlé, abọ́ èbà ló kọ́kọ́ rí. Ó kígbe, “Mọ̀mí, kì í ṣe ìjù! Àpò oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n gé!” Ó ń tú ọ̀já náà bó ṣe ń sọ ọ́.

Ibi tí wọ́n kàn pọ̀ ti ṣí. Wọ́n tún là mí, wọ́n fi rọ́bà sí ikùn mi kí ìdọ̀tí lè máa ṣàn jáde, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohunkóhun ò fi gba ẹnu mi kọjá. Àwọn ará iléeṣẹ́ wa wá kí mi. Wọ́n gbé ọtí mọ́ọ̀tì wá, ẹ gbà mí o, wọ́n ní ìjù máa ń padà wá. Mo dojú kọ ògiri. Mo ń bínú sí wọn, mo ń bínú sí onímaruwá, mo ń bínú sí gbogbo ẹni tó ti rẹ́rìn-ín ìdí mi rí.

Dókítà ya àpòlúkù mi sẹ́yìn ìwé kan fún ìyá mi. Ìyá mi bi í pé, “Ṣé òkèlè mẹ́ta ló ṣe gbogbo èyí?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ìyá mi dìde, ó jáde, kò sì wọlé tọ̀ mí wá fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá àwọn ọmọ mi ní orí bẹ́ńṣì ìta ló wà pẹ̀lú tẹ̀súbà rẹ̀. Inú bí mi! Èmi tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ níkùn, òun ló wá ń bínú?

Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọlé. Kò jókòó.

Ó ní, “Ọmọ méjì ni mo ti sin. Ìwọ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa ìkẹta. Ara tí mo bí ni o purọ́ rẹ̀ fún mi. O purọ́ tán, o tún yanu fún mi.”

Gbogbo àwọn tí mò ń bínú sí yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi èbà sí mi lẹ́nu. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Ara mi ti yá báyìí. Irun mi já, ó tún hù. Mi ò lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà mọ́, orúnkún mi ò sì dún mọ́. Ní Iléyá tó kọjá, a lọ sí Alápòtí. Àbúrò ìyá mi kan bu ìrẹsì àti ẹran gègèrè síwájú mi lójú gbogbo ẹbí. Ó ní, “Jẹun, jọ̀ọ́. Irú ìjù wo ló gbẹ èèyàn báyìí? Àbí nǹkan mìíràn wà tí o ò sọ fún wa?”

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo wo ìyá mi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ò la ẹnu. Ó kàn ń wò mí bí àwọn yòókù ṣe ń wò mí.

Mo ní, “Kì í ṣe ìjù. N kò ní ìjù rí. Mo sanra débi pé ó ń pa mí lọ, mo sì ní kí wọ́n gé àpò oúnjẹ mi.”

Ẹnì kan ní “Háà!” Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde, ó gbé abọ́ ńlá náà kúrò níwájú mi, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Àwo kékeré kan ló gbé jáde, ó ti fi ọmọrí dé e. Ṣíbí ìrẹsì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àti ẹran tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Ìrẹsì náà ti tutù. Láti àárọ̀ ló ti bù ú kalẹ̀ fún mi.

Ó ní, “Jẹun.”