Ìdìbò Abẹ́lé Tó Gba Etí Àǹtí Mi

Àbúrò ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Iléṣà. Àǹtí ni mò ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọkọ wọn sì ti kú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀, ẹbí ọkọ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá láàárín ọkùnrin. Àǹtí ní ọ̀rọ̀ àwọn aboyún tó ń kú lórí ọ̀kadà kí wọ́n tó dé ọsibítù ni.

Lọ́jọ́ ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn, mo wá láti Òṣogbo kí n lè sìn wọ́n lọ. Oníkálùkù tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Ìlà Àǹtí gùn ju ti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń dupò lọ, inú mi sì ti ń dùn nígbà tí àwọn tọ́ọ̀gì ya wọlé. Kò sí ọkùnrin kankan tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ọ̀dọ̀ Àǹtí ni wọ́n gbà lọ tààrà. Àwọn ọmọ náà já gèlè wọn sọnù, wọ́n fa ìró wọn ya, wọ́n ń pe obìnrin tó ti ní ọmọọmọ ní aṣẹ́wó. Ọ̀kan fọ́ Àǹtí létí, wọ́n sì ṣubú lù mí. Kí n tó gbójú sókè, àwọn tó tò sẹ́yìn wa ti tú ká. Ìborùn mi ni mo ró fún wọn ká tó rìn jáde.

Ọlọ́pàá tá a fẹjọ́ sùn bi Àǹtí bóyá wọn ò lẹ́ni tó lè bá wọn wí nílé ni. Kò mú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, alága ẹgbẹ́ gbé ọsàn wá kí wọn. Ó ní ọkùnrin yẹn lẹgbẹ́ mú, ṣùgbọ́n àwọn á fi Àǹtí ṣe olórí obìnrin. Àǹtí rọra dá a lóhùn.

"Alága, ẹ mọ ilé àwọn ọmọ yẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ dìde ká lọ síbẹ̀."

Alága wo ilẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun.

Etí náà ò là mọ́. Mo kó wọn wá sọ́dọ̀ mi l'Ókè-Fíà ní Òṣogbo, níbi tí mo ti máa ń di ọwọ́ wọn mú sọdá títì, nítorí fèrè ọkọ̀ ò dé etí wọn dáadáa. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ìbò gan-an dé, inú yàrá ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sọ fún wọn pé òun náà fẹ́ díje, ó sì ní kí wọ́n gbàdúrà fóun. Àǹtí gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n la ẹnu, àdúrà ò jáde. Ọmọ náà rò pé wọn ò gbọ́ ni. Ó gbóhùn sókè, ó tún un sọ.

"Mo gbọ́ ẹ, ọmọ mi," ni Àǹtí wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.