Olóhùn-Iyọ̀ Ìdí Táńkì

Ìyàwó mi ló ń kéde ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Onígbàjámọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni mo ti máa ń pa kílípà bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn, n ó dúró títí yóò fi parí, kí n tó máa bá orí oníbàárà lọ. Àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n á ní ṣé obìnrin tí mo ń rí nílé lójoojúmọ́ ni n ó torí ẹ̀ fi orí àwọn sílẹ̀ lábọ̀? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò bá lè dúró, kó gbé àbọ̀ orí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Olóhùn-iyọ̀ ni àwọn èrò ọkọ̀ ń pè é. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kò ju kó sọ orúkọ ibùdókọ̀, kó sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ o," ni yóò kọ́kọ́ wí. Yóò wá pe ọkọ̀ tán, yóò fi tirẹ̀ kún un: "Ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú o. Bàbá tó gbé àpótí aláwọ̀ ewé, ẹ rọra, ọkọ̀ ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹ ó délé láyọ̀." Oríṣiríṣi ọ̀gá ló ti kìlọ̀ fún un pé kó yé sọ àsọkún. Á ní òun ti gbọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún sọ ọ́.

Orúkọ ibùdókọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ibùdó Ìṣọ̀kan ni. Àwọn oníṣọ̀kan tó ń ṣèjọba nígbà náà bá ara wọn jà, ẹni tó borí nínú wọn sọ ọ́ di Ibùdó Àtúnṣe. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ Àtúnṣe kò tíì gbẹ dáadáa lára pátákó tí wọ́n fi lé òun náà lọ, ó bá di Ibùdó Ìdìde. Ní gbogbo ìgbà yìí, kò sí ará àdúgbò tó pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìdí Táńkì, nítorí táńkì omi ràgàjì kan tó ti dógùn-ún, tó dúró sẹ́bàá ojú irin láti ayé àwọn bàbá wa. Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, táńkì kò kúrò. Kò sí omi nínú rẹ̀ ṣá o.

Ìjọba Ìmọ́lẹ̀ ló wá gbé ẹ̀rọ dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tiwọn gan-an ni iná mànàmáná kò fẹ́ẹ́ tàn mọ́. Mínísítà wọn sọ lórí rédíò pé ẹ̀rọ kì í jẹun, kì í ṣàìsàn, kì í sì í bèèrè owó oṣù, nítorí náà ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ìlú. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé bó bá jẹ́ ti ká má ṣe nǹkan kan ni, mínísítà fúnra rẹ̀ ni wọn ì bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rọ́pò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi kan. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ti rí ẹ̀rọ tó ń dá ṣòkòtò rán lórí fóònù, láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú òun. Akọ̀wé báńkì kan, oníbàárà mi àtijọ́, ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lòun lọ, kí òun tó dé, wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà sórí àga òun. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún wọn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè gba iṣẹ́ tèmi, nítorí orí ọmọ èèyàn kò dọ́gba. Wọ́n wo orí ara wọn, wọ́n gbà pé òótọ́ ni. Ká sọ tòótọ́, ọkàn èmi náà kò balẹ̀.

Wọ́n ní kí ìyàwó mi wá ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yóò máa lò sínú rẹ̀. Wọ́n mú un jókòó sí yàrá kótópó kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ yíká. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, onímọ̀-ẹ̀rọ, jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìyàwó mi ka orúkọ ìlú, ó ka aago, ó ka ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti ọkọ̀ tó pẹ́. Bó bá ti ní "Ẹ jọ̀ọ́ o," ọkùnrin náà á mirí, á ní, "Màmá, ẹ̀rọ ò nílò ìyẹn," á sì gé e dànù.

Ó wá ku orúkọ tuntun. Ìjọba Ìmọ́lẹ̀ náà fẹ́ sọ ibùdókọ̀ lórúkọ, mínísítà ni yóò sì wá ṣí i lójú gbogbo ayé. Àṣírí ìjọba ni. Wọ́n kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tán nílé tó fi sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó kà á, wọn yóò tì í pa sínú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ́tí sí i títí di ọjọ́ ayẹyẹ, bí ó ti wù kí onítọ̀hún jẹ́ ọ̀gá tó.

Nínú yàrá kótópó náà, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó kà á: "Ibùdó Ìmọ́lẹ̀ Ayérayé."

Bí fóònù onímọ̀-ẹ̀rọ ṣe dún nìyẹn. Ó sáré jáde lọ dá a lóhùn, kò rántí pa ẹ̀rọ. Ìyá agbálẹ̀ ibùdókọ̀, opó àgbàlagbà kan tó jẹ́ kòríkòsùn ìyàwó mi, bá wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ayérayé kẹ̀? Báwo ni mo ṣe fẹ́ há ìyẹn sórí lọ́jọ́ ogbó mi yìí?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti há a sórí jàre," ni ìyàwó mi dá a lóhùn. "Wọn ò ní pẹ́ lọ. Àwọn tó ń bọ̀ á tún un sọ."

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ padà dé, ó tẹ nǹkan kan, ó ti àṣírí ìjọba pa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìyàwó mi dúró létí ojú irin pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lókè: "Gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá." Ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun ti gbéra kí òun tó rántí pé òun kọ́ lòun sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìwé gbélé-ẹ ló ń dúró dè wọ́n. Òun, ìyá agbálẹ̀, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ju àsíá fún awakọ̀, gbogbo wọn pátá. Ọ̀gá ibùdókọ̀, ẹni jẹ́jẹ́ kan, kò lè gbójú sókè. Ó ní òun kọ́ lòun yan orúkọ wọn, kọ̀ǹpútà ló yàn án. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Bí èèyàn bá fẹ́ lé ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó yẹ kó lè sọ pé òun ni.

Òkè ṣọ́ọ̀bù mi là ń gbé, ojú fèrèsé wa sì kọjú sí ibùdókọ̀. Kò sí ibi tí a lè sá sí fún ohùn yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ kéde ọkọ̀, ọwọ́ mi pa kílípà fúnra rẹ̀. Mo retí "Ẹ jọ̀ọ́ o," n kò gbọ́ ọ. Mo tan kílípà padà. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í dúró mọ́, inú àwọn oníbàárà mi sì dùn.

Inú ìyàwó mi ni kò dùn. Á máa ká aṣọ, á máa bá ohùn ara rẹ̀ jà láti ojú fèrèsé: "O ò rí aláboyún tó ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn ni? Sọ fún wọn kí wọ́n dúró!" Ohùn náà á ní ọkọ̀ ti lọ. Lọ́jọ́ kan ó fi aṣọ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé gbogbo ohun tí mo ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Ariwo lásán?" Ó sunkún. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n fi aṣọ bo pátákó, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Mínísítà sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Níkẹyìn ó fa aṣọ náà, ó nawọ́ sí gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo wa:

"Ibùdó Ìmọ́lẹ̀ Ayérayé. Ayérayé kẹ̀? Báwo ni mo ṣe fẹ́ há ìyẹn sórí lọ́jọ́ ogbó mi yìí? Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti há a sórí jàre. Wọn ò ní pẹ́ lọ. Àwọn tó ń bọ̀ á tún un sọ."

Mínísítà ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó yé e. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni ẹ̀rín bá gba ibẹ̀ kan. Wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu mọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ mìíràn tún wọlé, ẹ̀rọ bá tún un sọ látòkèdélẹ̀.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń mí hẹlẹ. "Bàbá, ẹ gbé ìyàwó yín pamọ́! Mínísítà ti ní kí wọ́n lọ mú un!"

Ara mi gbóná. Mo fi oníbàárà kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, mo mú abẹ, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. "Ẹ gbé abẹ yẹn sílẹ̀, kí wọ́n má baà mú ẹni méjì," ló wí. Ó wọ bàtà rẹ̀ tó dára jù, ó gbé báàgì lé itan, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń dúró dè wọ́n.

Ilẹ̀ ṣú, ẹnì kankan kò wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orin nìkan ni rédíò ń kọ, kò sí ìròyìn. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìjọba Ìmọ́lẹ̀ ti kú fin. Mínísítà tó fẹ́ mú ìyàwó mi ti ń wá ẹni tí yóò gbé òun náà pamọ́. Àwọn ará àdúgbò ń wọ́ wá kí i, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ máa ń ṣẹ. Ó ní ẹnu wo? Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìjọba Ìràpadà ló gorí àga. Inú wọn dùn sí ẹ̀rọ náà débi pé wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà tó yá ni ọlọ́pọlọ pípé kan láàárín wọn ronú pé bí àwọn bá yí orúkọ náà padà, "àwọn tó ń bọ̀" kò ní jẹ́ àwọn mọ́, ẹlòmíràn ni yóò jẹ́. Ojú wọn yí padà. Wọ́n fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá ti bá ìjọba àná sá lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Ni ọ̀gá ibùdókọ̀ bá tún yọjú. "Màmá, wọ́n ní kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin nìkan."

"Èmi nìkan kẹ̀?" ni ìyàwó mi bi í. "Ta ló máa ju àsíá tí mo bá ní ọkọ̀ fẹ́ lọ? Ta ló máa gbá ibi tí àwọn èrò máa dúró sí? Ẹ bá mi kí wọn, mi ò wá."

Ọ̀gá kò tíì kọjá títì tí mo fi figbe ta. "Ṣé orí ẹ pé? Iṣẹ́ tó o ń sunkún lé lórí ló wá bá ẹ nílé, o tún lé e dànù? Tí wọ́n bá mú ẹlòmíràn ńkọ́?"

Ó jẹ́ kí n pariwo tán. "Bàbá ọmọ mi, tí èmi nìkan bá padà, ẹ̀rọ yẹn náà ni mo dà." Mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, mo ń gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Ìdúró yẹn kò rọrùn, n kò ní parọ́. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti dé, ẹ̀rọ á sọ tirẹ̀, àwọn èrò á bá a sọ ọ́ bí ẹni ń gbe orin. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín tó ni ojú ìjọba tuntun ń le sí i. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò gba obìnrin mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá ibùdókọ̀ padà wá, àsíá wà lábíyá rẹ̀, ìgbálẹ̀ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá agbálẹ̀, tó wá kí wa lọ́jọ́ náà, gba ìgbálẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó rí játijàti, ṣùgbọ́n òun á fara mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí wọ́n padà, wọ́n gé wáyà ẹ̀rọ. Wọ́n gbé ìwé síwájú ìyàwó mi, orúkọ tuntun wà lórí rẹ̀: Ibùdó Ìràpadà Títí Láé. Akọ̀wé báńkì tí kọ̀ǹpútà gba àga rẹ̀ ló wà lórí àga mi. Ilé iṣẹ́ kan ti ní kó wá rí àwọn nítorí iṣẹ́, ó sì fẹ́ kí orí òun mọ́. Mo ti gẹ apá kan dé etí nígbà tí gbohùngbohùn wúkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ o. Ọkọ̀ ti dé Ìdí Táńkì."

Ariwo ayọ̀ sọ lálá nínú ibùdókọ̀. Ọ̀gá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun yọ gíláàsì òun, òun ń nù ún, nítorí náà òun kò rí ohun tó wà lórí ìwé, òun kò sì mọ̀ bóyá ó ṣì í kà.

"Ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú o. Màmá tó wọ aṣọ pupa, ẹ rọra máa bọ̀, a ń dúró dè yín."

"Ẹ̀gbọ́n," ni akọ̀wé báńkì wí, ó ń wo àbọ̀ orí rẹ̀ nínú dígí, "kí ló dé tí ẹ pa kílípà? Orí mi ńkọ́?"

"Dúró ná," mo wí fún un. "Ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀."