Adìẹ Òpìpì

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń dí páìpù, omi kì bá tí kán sílẹ̀ ní ìlú tí ọkùnrin yìí ń gbé. Ilé iṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gba ẹ̀sùn àwọn tí páìpù bẹ́ sí lójúde, tó sì ń rán àwọn oníṣẹ́ lọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìpàdé, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù. Ọjọ́ wo ni kì í sì í ṣe ọjọ́ ìpàdé? Gbogbo wọn á rọ́ wọ yàrá kan tí fáànù rẹ̀ ń han bí ẹni tí wọ́n ń nà, wọ́n á jókòó yí Ọ̀gá Àgbà ká, omi á sì máa ya lọ nígboro. Bí omi kò ṣe ní máa ṣòfò mọ́ ni wọ́n ń jíròrò.

Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ọ̀rọ̀ ló kàn pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀ rẹ̀. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa wí pé, "Ní àkótán," àkótán náà kò sì ní kó, kò ní tán.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin wa ti kọ́ adìẹ yíyà. Bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀, á ya adìẹ kan sẹ́yìn ìwé ètò, òpìpì ìhòòhò tí kò ní ìyẹ́ kankan lára. Bí Ọ̀gá bá ti wí pé "ní àkótán," á fi ìyẹ́ kan sí i. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà nítòsí fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á na ọrùn wò ó. Bó bá ti kan ìrù, wọ́n á mọ̀ pé ilé kù díẹ̀. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Aládìẹ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gba adìẹ náà nílé. Ọmọ náà kò mọ aago wò, ṣùgbọ́n ó mọ adìẹ kà. Bàbá rẹ̀ ti ra kẹ̀kẹ́ fún un, ó sì ṣèlérí pé lọ́jọ́ tí òun bá délé kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún.

"Dádì, ẹ bá mi mú òpìpì bọ̀ lónìí o," ló máa ń wí láràárọ̀.

Òpìpì kò wá. Táyà kẹ̀kẹ́ ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ń dun bàbá rẹ̀ wọra.

Lọ́jọ́ kan, ó ń to ìyẹ́ sọ́rùn adìẹ lọ́wọ́ nígbà tí yàrá pa lọ́lọ́. Ó gbójú sókè. Ọ̀gá Àgbà ló dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lèyí?"

Atẹ̀wé, obìnrin tó jókòó ti Aládìẹ, rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ má bínú, sà," Aládìẹ ní. "Ìpàdé wa ni. Ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan... ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ yín ni."

Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ọ̀gá wo bébà náà títí.

"Ó pọ̀ tó báyìí?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Òótọ́ ni, ìpàdé wa ti gùn jù. Ní àkótán..." Aládìẹ di ọwọ́ ara rẹ̀ mú kó má baà ya ìyẹ́ sí i. "Mo dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò dín ìpàdé kù. Ìwọ ni alága. Ọ̀la lẹ máa ṣe ìpàdé àkọ́kọ́."

Ayọ̀ ló gbé e délé.

"Òpìpì ni lọ́la," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Bàbá ẹ ni alága! Ní kí mọ́mì ẹ bá ẹ fẹ́ táyà."

Lọ́jọ́ kejì ó jókòó sórí àga alága. Gbólóhùn méjì péré ló fẹ́ sọ. Ó sọ ọ̀kan, gbogbo wọn mi orí. Ẹnìkan kò mi orí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, kódà nílé. Ẹnu sì dùn ún ròfọ́. Ó ṣàlàyé ibi tí ìpàdé ti ṣẹ̀ wá. Ó ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ gígùn ń bà jẹ́, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ gùn. Fóònù ń dún ní ọ́fíìsì rẹ̀, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n máa jáde, iná títì ti tàn.

Lẹ́nu ọ̀nà, atẹ̀wé fi bébà kan lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ò ráyè yà lónìí, bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá mi fún ọmọ yín."

Ó tì í bọ àpò, kò wò ó.

Ọmọ náà wà lórí kẹ̀kẹ́ níwájú ilé, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ó gba bébà, ó gbé e sábẹ́ iná ẹnu ọ̀nà. Ìyẹ́ ti bo adìẹ náà dé èékánná, a kò rí ojú rẹ̀ mọ́.

"Dádì," ọmọ náà ní, "ta ló sọ̀rọ̀ tó báyìí?"